Ẹni Tó Dá Ọkọ̀ Epo Dúró Kò Ba Ọjà Jẹ́

Bí ẹ bá dé Àpápá, tàbí Kirikírì, tàbí Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn tó ń ṣòwò epo, lẹ́nu àwọn awakọ̀ táńkà tó tò sójú títì, àti lẹ́nu àwọn oníròyìn pàápàá. Wọ́n á ní èbúté epo tó mọṣẹ́ ni èyí tí ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí láàárọ̀, tó já epo rẹ̀ tán lóru, tó sì ti ṣíkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n á ní alábòójútó tó bá ní kí wọ́n pa pọ́ǹpù, ẹ̀gúnjẹ ló ń wá, tàbí kò mọṣẹ́, tàbí ó ń bá ẹni tó lọ́jà ṣọ̀tá. Bí bẹntiróòlù bá sì wọ́n nílé epo lọ́jọ́ kejì, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ bú.

Èrò yìí ti gbilẹ̀ débi pé àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ náà ti gbà á. Èmi kò gbà á. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju ẹyọ kan lọ: iṣẹ́ alábòójútó ọkọ̀ ní èbúté epo ni láti dá iṣẹ́ dúró nígbà tó bá yẹ, owó oṣù rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ sí lọ́wọ́ ẹni tí ìdádúró náà máa ná lówó. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Èbúté tí kò bá fàyè gba irú alábòójútó bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó yára tó, ohun tó ń ṣe lálaalẹ́ nìyẹn.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè òkun nìkan ni mo ń sọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni epo tí à ń rà l'Ékòó àti n'Íbàdàn fi ń ti òkè òkun wá nínú ọkọ̀ ńlá. Nítorí pé omi Àpápá kò jìn tó fún wọn, àwọn ọkọ̀ ńlá wọ̀nyẹn a máa dúró lójú òkun, níwájú Lomé nígbà mìíràn, wọn a sì bu epo sínú àwọn ọkọ̀ tó kéré jù wọ́n lọ, tí wọ́n lè wọ èbúté. Atlas Cove ní Èkó ni ọ̀pá epo abẹ́ ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, tó gba Mósímì kọjá lọ sí Ìbàdàn àti Ìlọrin. Ní báyìí, ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote ti dé sí Ìbẹ̀jù-Lẹ́kkí. Oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n ṣí i, wọ́n sì ṣe é láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Ojú òkun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀yì ńlá tó léfòó, ni àwọn ọkọ̀ tó ń gbé epo rọ̀bì wá síbẹ̀ ti ń já ẹrù wọn, tí epo sì ń gba inú ọ̀pá abẹ́ omi wọlé. Ẹnu ọ̀nà wa ni ọ̀rọ̀ yìí dé sí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀. Ọkọ̀ wá pẹ̀lú ọ̀gá tirẹ̀, pọ́ǹpù tirẹ̀, àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣeé ṣe kí wọ́n má ti orílẹ̀-èdè kan náà wá. Èbúté ní táǹkì tirẹ̀, páìpù tirẹ̀ àti fáàfù tirẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ kò mọ bí páìpù èbúté ṣe gbó tó. Ẹni tó wà lórí jẹ́tì kò mọ bí irin inú ọkọ̀ ṣe jẹ tó. Họ́ọ̀sì ló so àjèjì méjì yìí pọ̀, epo tó lè sun odidi àdúgbò sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó mọ tọ̀tún tòsì, tí tọ̀tún tòsì sì ti gbà pé bó bá ní kí wọ́n dúró, wọ́n á dúró.

Kí pọ́ǹpù tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ó yẹ kí ọkọ̀ àti èbúté jókòó sọ̀rọ̀. Epo mélòó ló máa kọjá ní wákàtí kan? Táǹkì wo ló máa kọ́kọ́ kún? Èdè wo ni wọ́n máa fi bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wọkí-tọ́kì? Bí wọkí-tọ́kì bá kú lóru, àmì wo ni wọ́n máa fi mọ̀ pé kí wọ́n dúró? Ta ló sì máa kọ́kọ́ pa nǹkan, ọkọ̀ tàbí èbúté? Ọ̀pọ̀ ń fojú kéré ìbéèrè ìkẹyìn yẹn. Bí ẹni tó wà lẹ́bùúté bá sáré ti fáàfù nígbà tí pọ́ǹpù ọkọ̀ ṣì ń ti epo bọ̀, epo tó ń sáré bọ̀ á forí sọ fáàfù náà, agbára rẹ̀ á ta padà sẹ́yìn, ó sì lè fa họ́ọ̀sì ya. Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń dúró lè fi ìdúró dá ìjàǹbá sílẹ̀. Ṣé irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń sọ pé aláìmọṣẹ́ ló ń ṣe é?

Ẹ tún wo bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti dísù. Bí wọ́n ṣe ń sáré nínú páìpù ni wọ́n ń kó iná mọ̀nàmọ́ná jọ sára. Ìwé ìlànà àgbáyé kan wà tí àwọn oníṣẹ́ mọ̀ sí ISGOTT. Ọdún 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ìtẹ̀jáde rẹ̀ kẹfà sì jáde ní 2020. Ó ní nígbà tí irú epo bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ táǹkì, kó máa rìn ní mítà kan péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, títí tó fi máa bo ẹnu páìpù mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún ní bí táǹkì ọkọ̀ bá ti gba irú epo yìí tán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ohun ìwọnpo onírin bọ inú rẹ̀ títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fi máa kọjá, àfi bí páìpù ìwọnpo tó dé ìsàlẹ̀ bá wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wo ọkọ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn, àwọn ọkùnrin tó dúró ṣáá ni yóò rí. Oníṣòwò á ní wọ́n ń fi àkókò òun ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ń dúró kí iná tó wà lára epo náà ti tú ká kí irin tó kàn án. Ìdúró yẹn ni iṣẹ́.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé táǹkì tó kún fọ́fọ́ kọ́ ló yẹ ká bẹ̀rù jù. Ooru epo kì í gbiná àfi bó bá wà láàárín nǹkan bí ìdá 1 sí ìdá 10 nínú 100 afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀. Nígbà tí táǹkì bá ń ṣófo lọ, tí epo ń jáde tí afẹ́fẹ́ ń wọlé, ìgbà náà ni wàhálà ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin òkun fi ní kí ọkọ̀ agbépo ńlá máa fẹ́ gáàsì tí kò lè gbiná sínú táǹkì rẹ̀, kí ọ́síjìn inú rẹ̀ má ju ìdá 8 nínú 100 lọ. Ọkọ̀ Sansinena kò ní irú ètò yìí. Ó ti já epo rọ̀bì rẹ̀ tán ní èbúté Los Angeles ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1976, ó ń gba omi sínú àwọn táǹkì tó ti ṣófo kó lè padà sójú òkun, ló bá bú gbàù. Èèyàn 9 ló kú. Lójú ẹni tó ń wo aago nìkan, iṣẹ́ ti parí nígbà yẹn, ọkọ̀ sì ti yẹ kó máa lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó lọ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ireland. Ní òru ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1979, ọkọ̀ Betelgeuse, tí í ṣe ti ilé iṣẹ́ Total ti ilẹ̀ Faransé, wà ní èbúté ilé iṣẹ́ Gulf Oil ní erékùṣù Whiddy, nínú Bantry Bay, ó ń já epo rọ̀bì. Iná sọ, ọkọ̀ náà sì fọ́. Kò sí ẹnì kan tó wà nínú rẹ̀ tàbí lórí jẹ́tì lóru yẹn tó yè é. Èèyàn 50 ló kú: ará Faransé 42, ará Ireland 7, àti ará Bìrìtéènì kan.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Declan Costello, ìròyìn wọn sì jáde ní 1980. Wọ́n rí i pé irin inú àwọn táǹkì omi ọkọ̀ náà ti jẹ débi tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ni ọkọ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé wọ́n ń gbèrò láti ta ọkọ̀ náà, wọn kò sì fẹ́ náwó lé e lórí. Bí wọ́n ṣe ń já epo tí wọ́n sì ń gba omi sínú rẹ̀, wọn kò pín ìwọ̀n rẹ̀ bó ṣe yẹ, kò sì sí ẹ̀rọ nínú ọkọ̀ tí wọn ì bá fi ṣírò bí ìwọ̀n yẹn ṣe ń fa ara irin. Àárín ọkọ̀ náà kò gbà á mọ́, ó ṣẹ́.

Èbúté ńkọ́? Ẹni tó yẹ kó jókòó sí yàrá àbójútó, tó yẹ kó gbọ́ igbe kó sì ké sí àwọn panápaná, kò sí níbẹ̀ nígbà tí wàhálà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ irọ́ sínú ìwé iṣẹ́ kí àṣírí má bàa tú. Ètò tó ń mú kí omi panápaná wà nínú páìpù pẹ̀lú agbára nígbà gbogbo, wọ́n ti yí i padà láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Àwọn tó sá fún iná lọ sí ìkangun jẹ́tì kò rí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ kékeré nítòsí tó lè kó wọn. Ìgbìmọ̀ náà ní ẹ̀mí wọn ì bá ṣeé gbà là.

Ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Irin tí wọn kò pààrọ̀, ẹ̀rọ ìṣirò tí wọn kò rà, omi panápaná tí wọ́n dín agbára rẹ̀ kù, ọkọ̀ ìgbàlà tí kò sí nítòsí. Owó ni wọ́n ń ṣọ́ nínú gbogbo wọn, wọ́n sì ṣọ́ owó náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1968 ni èbúté Whiddy ti ń gba ọkọ̀. Ẹni tó bá ń sọ lónìí pé "a ti ń ṣe é báyìí tipẹ́, nǹkan kan kò ṣe wá", kó mọ̀ pé wọ́n lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ní Whiddy náà ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 1979.

Ilẹ̀ wa náà ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2011, ní oko epo Bonga tí Shell ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ní nǹkan bí kìlómítà 120 sí etíkun Nàìjíríà, wọ́n ń gba epo rọ̀bì láti inú ọkọ̀ ńlá tó ń tọ́jú epo, wọ́n ń gba orí bọ́ọ̀yì dà á sínú ọkọ̀ tó fẹ́ gbé e lọ. Páìpù tó so ọkọ̀ ńlá náà mọ́ bọ́ọ̀yì ya lóru. Nǹkan bí wákàtí mẹ́fà kọjá kí ó tó dáwọ́ dúró, nǹkan bí àgbá 40,000 sì ti wọ inú òkun. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ èbúté mọ̀ pé lára ohun tí alábòójútó ń ṣe ní wákàtí wákàtí ni kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń fún ni iye tó fún, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbà iye tó gbà, kó sì fi wọ́n wéra. Bí iye méjèèjì kò bá bára mu, epo ń lọ síbòmíràn. Kí ó pa pọ́ǹpù ná, kó tó máa wá àlàyé. Ẹ rò ó wò pé oníṣòwò kan dúró tì í, tó ń sọ pé ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan, kí wọ́n jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ.

Lẹ́yìn Bonga, ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́. Àwọn ará etíkun gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Bìrìtéènì. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá ó lé, àwọn adájọ́ dá a pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni epo náà ya, àwọn olùpẹjọ́ kò lè máa kà á sí ìpalára tuntun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ títí epo náà fi máa kúrò nílẹ̀ wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé bí nǹkan bá bàjẹ́, òfin á tún un ṣe. Ọwọ́ òfin kì í tètè dé ibi tí epo ti dé. Ọwọ́ ẹni tó dúró ti pọ́ǹpù ló lè tètè débẹ̀.

Mo mọ èsì tí wọ́n máa fún mi. Àwọn kan á ní kí ni mo tún ń wá, ṣebí ìwé àyẹ̀wò ti wà, ọkọ̀ àti èbúté ti jọ fọwọ́ sí i. Ìwé wà lóòótọ́, ìwé sì wà ní Whiddy náà. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ létí omi rí mọ bí ìwé ṣe ń di kíkọ. Aago ṣẹ̀ṣẹ̀ lu méjì òru, òjò ń rọ̀, ẹnì kan sì ti kọ iye epo wákàtí kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún sílẹ̀, pẹ̀lú bírò kan náà, pẹ̀lú ìfọwọ́sí kan náà, ó wá lọ fẹ̀yìn lélẹ̀. Lójú ìwé, iṣẹ́ ń lọ geere. Tàbí ẹ wo wáyà tí àwọn kan gbà pé ó yẹ kí wọ́n fi so ọkọ̀ mọ́ jẹ́tì kí iná má bàa ṣẹ́. ISGOTT kò fara mọ́ ọn: ó ní wáyà náà kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rò pé ó ń ṣe, ó sì lè dá iná sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó ń dáàbò boni ni irin ìdè tí wọ́n fi nǹkan tí iná kì í gbà kọjá sí láàárín, tàbí họ́ọ̀sì kan tí iná kò lè gba ara rẹ̀. Síbẹ̀, bí àyè fún wáyà bá ti wà nínú ìwé, wọ́n á fàmì sí i, gbogbo wọn á sì sùn. Ìwé kò lè ṣọ́ èbúté. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Àwọn mìíràn á gbé ọ̀rọ̀ owó wá. Wọ́n á ní ọkọ̀ tó bá pẹ́ jù lẹ́bùúté ń jẹ owó ìdádúró, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lójúmọ́, owó náà sì máa hàn lára epo tí mẹ̀kúnnù ń rà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wá bá mi ṣírò ohun tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ pẹ́. Wọ́n ń pẹ́ torí pé èbúté kò tó, torí pé táǹkì tó yẹ kó gba epo ṣì kún, torí pé ìwé owó kò tíì dé láti báńkì, torí pé ọ̀nà Àpápá dí tí táńkà kò rí àyè wọlé. Wọ́n lè fi ọjọ́ mẹ́wàá dúró lójú òkun nítorí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, kò ní sí ẹni tó máa bínú sí alábòójútó. Ṣùgbọ́n bó bá ní kí wọ́n dúró fún wákàtí kan torí pé ààrá ń sán, torí pé okùn tó de ọkọ̀ mọ́ jẹ́tì ti tú, tàbí torí pé ooru epo ń rùn jù lórí ọkọ̀, ìgbà náà ni wọ́n máa rántí dọ́là. Wákàtí kan tó lè gba ẹ̀mí là ni wọ́n fẹ́ gé, wọn kò fọwọ́ kan ọjọ́ mẹ́wàá tí àìlètò gbé lọ.

Èsì tó lágbára jù ni ti ẹ̀gúnjẹ, n kò sì ní sá fún un. Wọ́n ní bí ẹ bá fún òṣìṣẹ́ ìjọba lágbára láti dá ọkọ̀ dúró, ẹ ti fún un ní igbá tó máa fi ṣagbe nìyẹn. Á wá sórí jẹ́tì, á ní ohun kan kò tọ́, á sì máa wo àpò yín. Ta ló máa sọ fún ará Èkó pé irú èyí kì í ṣẹlẹ̀? Àmọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ kí a ṣe nípa rẹ̀ ni kò bọ́gbọ́n mu. Bí ọlọ́pàá bá ń gba ogún náírà lọ́nà, a kì í torí ẹ̀ ní kí mọ́tò máa sáré láìní búréèkì. Ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀gúnjẹ ṣeé gbà ni pé ìdádúró náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, kò sí ìdí tí wọ́n kọ sílẹ̀, kò sí aago, kò sí ẹni tó máa béèrè lọ́la. Bí òfin bá ní kí ẹni tó dá iṣẹ́ dúró kọ ohun tó rí, ìlànà tó rú, aago tó dá a dúró àti aago tó ní kó máa lọ, kí ọkọ̀, èbúté àti àjọ ìjọba sì ní ẹ̀dà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹni tó fẹ́ gba rìbá á mọ̀ pé irọ́ òun máa hàn. Ẹ kíyè sí i pé rìbá kan náà ló wà lódìkejì, tí a kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀: owó tí wọ́n ń fún alábòójútó kó má bàa dá iṣẹ́ dúró. Ti àkọ́kọ́ ń jẹ owó oníṣòwò. Ti èkejì ni yóò sun àdúgbò.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, ó ku àwọn tó ní ọ̀tá ìta ni ewu wa. Wọ́n á rántí ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2009, nígbà tí àwọn ajàjàgbara MEND kọlu èbúté Atlas Cove tí wọ́n sì pa àwọn èèyàn níbẹ̀. Wọ́n á rántí àwọn tó ń lu ọ̀pá epo. A kò lè gbàgbé wọn, ó sì yẹ kí àwọn ológun máa ṣọ́ èbúté. Ṣùgbọ́n ìbọn kò lè ṣọ́ irin tó ń jẹ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 2022, ọkọ̀ Trinity Spirit, tó ń tọ́jú epo rọ̀bì ní Ukpokiti lójú òkun wa, bú gbàù. Ọdún 1976 ni wọ́n kan ọkọ̀ náà. Èèyàn mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, mẹ́ta ni wọ́n rí láàyè. Kí a tó dárúkọ ọ̀tá kankan, ohun tó yẹ ká béèrè ni pé ta ló ní àṣẹ láti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, ìgbà wo ló sì débẹ̀ gbẹ̀yìn. Bákan náà ni ti àwọn tó ń sọ pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ wa. Àdúrà dára. Ẹni tó gbàdúrà tán, kó wá yẹ họ́ọ̀sì wò.

Ǹjẹ́ ibì kan wà tí wọ́n ti ṣe é dáadáa? Mo lè tọ́ka sí California. Nínú oṣù Kejì ọdún 1990, ọkọ̀ American Trader ń gbìyànjú láti so ara rẹ̀ mọ́ èbúté epo ojú òkun kan ní Huntington Beach nígbà tó gun ìdákọ̀ró ara rẹ̀, tí ìdákọ̀ró náà sì lu ọkọ̀ náà. Nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 400,000 epo rọ̀bì ló dà sómi. Ọdún náà kò parí tí ìpínlẹ̀ náà fi ṣe òfin. Látìgbà yẹn ni àjọ State Lands Commission ti ń rán àwọn olùbẹ̀wò lọ sórí jẹ́tì, tọ̀sán tòru, láti dúró wo bí ọkọ̀ àti èbúté ṣe ń fi epo fúnra wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń san owó oṣù wọn; owó kékeré tí òfin ní kí wọ́n máa gbà lórí àgbá epo kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà náà. Ní 2006, wọ́n tún fi òfin kíkọ́ èbúté epo fúnra rẹ̀ kún un, débi pé wọ́n ń yẹ òpó àti páìpù jẹ́tì wò bí wọ́n ṣe ń yẹ ọkọ̀ wò. Epo kò tìtorí èyí kásẹ̀ nílẹ̀ ní California. Ọkọ̀ ń wọlé, ọkọ̀ ń jáde.

Ní tiwa, òfin ilé iṣẹ́ epo ti ọdún 2021 dá àjọ NUPRC àti NMDPRA sílẹ̀ fún ọ̀ràn epo. NIMASA wà fún ọ̀ràn ọkọ̀, NPA wà fún èbúté. Àjọ kò wọ́n wa. Ohun tí mo ń béèrè ni pé ní agogo méjì òru, nígbà tí ọkọ̀ kan ń já bẹntiróòlù ní Kirikírì, èwo nínú àjọ mẹ́rin yìí ni èèyàn rẹ̀ dúró lórí jẹ́tì náà? Bí ẹni tó dúró níbẹ̀ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹni tó ni epo, kí ló máa ṣe nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá pè é lórí fóònù pé kó má dá iṣẹ́ òun dúró? Ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ la ti ń jẹ. A kò lè ní kí ẹnì kan bu ọwọ́ tó ń fún un lóúnjẹ jẹ lálaalẹ́, kó sì wá máa yà wá lẹ́nu pé kò bù ú jẹ.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó sọ. Kí ìjọba yan ọ̀kan nínú àwọn àjọ wọ̀nyí, kí ó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, tí yóò ní alábòójútó lórí jẹ́tì láti ìgbà tí wọ́n bá so họ́ọ̀sì títí dìgbà tí wọ́n bá tú u. Kí owó oṣù rẹ̀ wá láti inú owó orí àgbá epo, kó má gba ọwọ́ oníṣòwò kọjá. Kí ìdí ìdádúró kọ̀ọ̀kan wà ní kíkọ, kí a sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọọdún kí gbogbo ayé rí i. Kí òṣìṣẹ́ èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń fa okùn, lè ké pé kí wọ́n dúró, kí òfin sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ torí ẹ̀ lé e kúrò níṣẹ́. Bó bá ṣe àṣìṣe, tí a rí i pé kò sí ewu kankan, kí a kí i pé ó kú iṣẹ́, kí pọ́ǹpù sì padà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń gbé nítòsí àwọn èbúté wọ̀nyí, ẹ̀yin tí ògiri ilé yín fara kan ògiri táǹkì epo, ẹ má ṣe bá wọn yọ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń yangàn pé èbúté àwọn yára. Ẹ béèrè ohun kan lọ́wọ́ wọn: ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹnì kan ní kí pọ́ǹpù dúró lọ́dún tó kọjá, kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí ẹni náà lẹ́yìn rẹ̀? Bí wọ́n bá fi ìwé hàn yín, ẹ kà á. Bí wọ́n bá ní kò ṣẹlẹ̀ rí, ẹ má ṣe dúpẹ́. Ó túmọ̀ sí pé kò sí alábòójútó níbẹ̀ rárá.